Ọ̀rọ̀ Kan Lẹ́nu Tíṣà Gbádégẹṣin

"Tún un sọ," ni Ìsípẹ́kítọ̀ Ràímì wí. "Bó ṣe jáde lẹ́nu ọkùnrin náà gẹ́lẹ́ ni kó o sọ ọ́. Má fi tìrẹ kún un."

Saikou, kọ́ńsítébù tí wọ́n ní kó jókòó ti Tíṣà Gbádégẹṣin ní ilé ìwòsàn, nàró ṣánṣán. "Ọ̀gá mi, mo bi í léèrè pé ta ló fún un ní ohun tó fẹ́ pa á. Ó lajú. Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, 'They gave it to me.' Ó wá dákẹ́, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ẹ̀mí ti bọ́. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló sọ. Ó ní, 'Severally.' Ó na ìka mẹ́ta sókè báyìí, ọwọ́ rẹ̀ sì já wálẹ̀. Kò tíì lajú mọ́ láti ìgbà náà."

"Ìka mẹ́ta lo rí?"

"Mẹ́ta ni, ọ̀gá mi."

Òjò oṣù keje ń lu páànù àgọ́ ọlọ́pàá bí ẹni ń da ẹ̀pà sílẹ̀. Omi ti gba gbogbo òpópónà Banjul, àwọn èèyàn ń gbé bàtà wọn lọ́wọ́ kọjá lójú fèrèsé. Ọ̀gá àgbà, tó jókòó nídìí tábìlì kejì, ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo tún ń rò, Ràímì? 'Severally,' ọ̀pọ̀ ìgbà nìyẹn. Wọ́n fún un lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì fi ìka ka iye ìgbà náà. Kí ni nǹkan tí à ń fún èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta nílùú yìí tí kì í bá ṣe àtáyà?"

Kò kúkú parọ́. Àtáyà ni tíì kíkorò tí tọmọdé tàgbà ń sè lórí ààrò èédú kékeré nílùú náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é lórí ewé kan náà. Ti àkọ́kọ́ á korò bí ewúro, tèkejì á rọjú díẹ̀, tẹ̀kẹta á dùn bí oyin. Ẹni tó bá jókòó síbi àtáyà kì í dìde títí wọ́n á fi bu ẹ̀kẹta. Àjàgbé, àbúrò Tíṣà, ló sì sè é nírọ̀lẹ́ àná. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú àtìmọ́lé ló wà láti àárọ̀.

"Ọ̀gá, inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti mu," ni Ràímì wí. "Ife méjì péré ló ń yí ká láàárín wọn. Kò sí ẹlòmíì tó bì."

"Bó ṣe ṣe é, òun ni kó o lọ bi í. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá fi ẹ̀sùn kàn án. Tí arákùnrin náà bá sì kú, o mọ ohun tí ẹ̀sùn náà máa jẹ́."

Ó mọ̀ ọ́n. Okùn ni.

Bí ẹ bá bèèrè Tíṣà Gbádégẹṣin ní àdúgbò Half Die, wọ́n á fi ilé rẹ̀ hàn yín. Nàìjíríà ló ti wá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Bakau. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ohun tó kórìíra tó oògùn. Àgbo ni o, hóró òyìnbó ni o, kò jẹ́ kí ó kan ahọ́n òun. Ibà ti dá a gúnlẹ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan, ó ní á lọ fúnra rẹ̀. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ yìí tó ń lọ sídìí kànga, tó ṣubú, tó ń bì, tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú tí wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Àwọn aládùúgbò ló ké sí ọlọ́pàá, wọ́n ní ẹnì kan ti fún un ní májèlé jẹ.

Ràímì mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ sí àtìmọ́lé.

Àkú ni ìran Ràímì, àwọn tí baba ńlá wọn ti Freetown ṣí wá. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, orúkọ oúnjẹ àti ìkíni nìkan ni Yorùbá tó kù lẹ́nu wọn. Ọdún méjì tó fi kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìkẹjà ló fi gbọ́ èdè náà já. Ahọ́n rẹ̀ ṣì wúwo nínú rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú.

Àjàgbé jókòó sílẹ̀, ó gbá orúnkún rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Albert, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi níbẹ̀. Lónìí, ògiri ló ń wò.

"Kí lo fi sínú àtáyà, Àjàgbé?"

"Ewé àti ṣúgà."

"Kí tún ni?"

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni, sà?"

"Kò tíì kú."

"Tó bá kú, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú pẹ̀lú ilé ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀lé e."

"Ẹni tó jẹ̀bi ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí."

"Ẹ kọ ohun tó bá wù yín sílẹ̀."

"Kí ni Tíṣà fi ṣe ọ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbójú kúrò lára ògiri, ó wo ọlọ́pàá náà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Kí ló fi ṣe mí? Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí bàbá wa kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gùn dàgbà." Ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tí kò ní ohùn.

Ràímì ti ilẹ̀kùn. Ó ti rí àwọn apànìyàn tó ń sunkún nítorí ara wọn. Kò tíì rí èyí tó sunkún bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tó pa. Síbẹ̀, nǹkan kan wà ní ìsàlẹ̀ ọkàn ọmọ yìí tí kò fẹ́ sọ, kò sì sẹ́ pé òun kọ́.

Mùtíàt, ìyàwó Tíṣà, ló kàn. Nígbà tí Ràímì dé agbo ilé náà ní Half Die, gbogbo abọ́ tó wà nílé ni wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n dojú wọn dé sórí pẹpẹ. Ìkòkò, ṣíbí, ife, ohun gbogbo ń dán. Ta ló ń fọ abọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń kú lọ?

"Ìyá Kàfáyàt, ta ló ní kẹ́ ẹ fọ gbogbo èyí?"

"Ilé tí àlejò ń wọ̀, ṣé kí n fi sílẹ̀ nídọ̀tí ni, Ọ̀gá ọlọ́pàá?" Kò wo ojú rẹ̀.

"Kí lẹ fún un jẹ lánàá?"

"Ògì."

"Ògì lásán?"

"Ó ní ó korò." Ohùn obìnrin náà já. "Ó ní ẹnu òun ń korò, ó ní ojú òun ń ṣe bákan. Ó bi mí pé ta ló ta aṣọ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè sójú fèrèsé. Kò sí aṣọ lójú fèrèsé wa. Funfun ni gbogbo ògiri yàrá náà."

"Ṣé ìjà wà láàárín yín?"

"A kì í jà."

"Kí wá lẹ̀ ń fi pa mọ́ fún mi?"

Ó kúnlẹ̀ sínú omi òjò tó wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ dókítà. Kó ṣe gbogbo ohun tó bá lè ṣe. Tó bá ti dìde, ohun tó bá wù yín kẹ́ ẹ ní kí n sọ, màá sọ ọ́."

Díẹ̀ ló kù kí Ràímì mú un. Abọ́ tó fọ̀, ògì tó korò, ojú tí kò lè wo ojú: irú rẹ̀ ló ti gbé ọ̀pọ̀ aya dé ẹ̀wọ̀n. Àmọ́ bí òun bá mú aya, tí Ọ̀gá àgbà sì mú àbúrò, ìka mélòó nìyẹn?

Yaay Amie, onílé wọn, jókòó síwájú yàrá tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di ìdí ìró mú. Àgbàlagbà ọmọ ẹ̀yà Wolof ni, gbogbo ayálégbé rẹ̀ ló ń pè ní yaay, ìyẹn ìyá. Ràímì fi Wolof kí i, ó bèèrè alàáfíà ọmọ àti ọmọ-ọmọ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, kó tó wá wọ inú ọ̀rọ̀.

"Yaay, ṣé ẹ fún Tíṣà ní nǹkan kan lánàá?"

"Wónjò ni, omi ìṣápá pupa. Gbogbo aláìsàn inú ilé yìí ni mo ń fún ní wónjò. Ó tutù, ó pupa, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà."

"Ó mu ún?"

"Ó mu ún tán. Ó kàn ní ó korò ni. Àní àtáyà ẹ̀kẹta gan-an, tó dùn lẹ́nu gbogbo wa, ó ní ó korò lẹ́nu òun."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, ìyá náà pa ẹnu dé bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tún di ìdí ìró náà mú gírí.

Ràímì dúró lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ògì korò. Wónjò korò. Àtáyà tó yẹ kó dùn korò. Ó lè jẹ́ pé ibà ló ba ahọ́n ọkùnrin náà jẹ́. Àmọ́ bí kì í bá ṣe ibà, ohun kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìka mẹ́ta lè jẹ́ ìgbà mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ èèyàn mẹ́ta. Kí ni yóò wá mú kí aya, àbúrò àti onílé pa ìmọ̀ pọ̀ láti pa èèyàn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀? Kò bọ́gbọ́n mu. Àwọn tí wọ́n jọ pànìyàn máa ń wo ojú ara wọn kí wọ́n tó fèsì. Àwọn yìí kò tilẹ̀ bèèrè ara wọn.

Gbogbo rẹ̀ wá rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò dá a lójú pé òun mọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kò ní sùúrù púpọ̀. "Ibà ni mo rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, Ìsípẹ́kítọ̀. Bí ẹ̀yin bá ní májèlé ni, irú májèlé wo? Ẹ sọ fún mi. Ọkàn rẹ̀ ń falẹ̀ sí i ni. Tí n kò bá gbọ́ nǹkan mìíràn kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, kinníìnì ni màá gún fún un, kinníìnì tó le. Mi ò lè jókòó kí n máa wò ó títí á fi kú."

Lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan tó sanra díẹ̀ ń ka tẹ̀sùbáà. Dúrójayé ni, ọmọ Nàìjíríà, tíṣà ẹlẹgbẹ́ Gbádégẹṣin. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró tì wá, Ọ̀gá," ni ó wí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo ti severally sọ fún un pé kó lo oògùn. Ó kọ̀."

Ràímì ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú kó tó dúró. Kò yíjú padà. Ó ní kí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wọn, ó sì sáré wọ ọkọ̀.

Afárá Denton, lójú ọ̀nà Bakau, ń gbọ̀n lábẹ́ ọkọ̀ Land Rover náà. Ìjì òkun ń gbá omi lu gíláàsì títí Saikou fi ń yọrí síta kó tó lè rí ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan ṣoṣo ló wà ní yàrá àwọn tíṣà, Rohey, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló gbé mi wá, Ìyáàfin," ni Ràímì wí. "'Severally.' Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu Tíṣà Gbádégẹṣin rí?"

Rohey fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń bá jà tó o. Ó ní àwọn èèyàn òun ti bà á jẹ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n á ní àwọn ti 'severally' kìlọ̀ fún ọmọ, wọ́n á ní àwọn kìlọ̀ fún un lọ́pọ̀ ìgbà ni. Tíṣà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí àwọn èèyàn ṣe ohun kan náà, kí oníkálùkù sì dá tirẹ̀ ṣe lọ́tọ̀, láì sí ọwọ́ ẹnì kejì níbẹ̀. Tí ọmọ mẹ́ta bá wá kí yín 'severally,' ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló dá wá."

"Ẹni tí ikú ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ńkọ́? Ṣé kò lè ṣì í lò?"

"Tíṣà?" Ó mi orí. "Á kọ́kọ́ kú ná. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ yẹn ló fi bá Dúrójayé fa wàhálà nínú yàrá yìí. Mo ń wọlé bọ̀, wọn ò rí mi. Dúrójayé ní òun ti severally bẹ̀ ẹ́. Tíṣà ní, 'Ọ̀pọ̀ ìgbà lo bẹ̀ mí, kì í ṣe severally. Èmi àti olóògbé ẹ̀gbọ́n rẹ tó ni ìwé ẹ̀rí tó o fi ń ṣiṣẹ́ yẹn la jọ jókòó ní kíláàsì, òun kì í ṣì í lò.' Ó ní tí sáà yìí bá parí, kó fúnra rẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Mo rò pé àwàdà àwọn ọmọ ìlú kan náà ni."

Ràímì rọra fa àga, ó jókòó. Ọkùnrin tó fi ìwé ẹ̀rí òkú ṣiṣẹ́ ló ń ka tẹ̀sùbáà lórí bẹ́ǹṣì yẹn.

"Kí ni Dúrójayé ṣe lẹ́yìn náà?"

"Ó jókòó. Ó mú oògùn rẹ̀ jáde, ó fi omi gbé e mì."

"Oògùn kí ni?"

"Ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé. Dakar ni wọ́n ti ń bá a rà á. Hóró funfun kékeré, kò ju ẹyin eèrà lọ."

Ọlọ́pàá náà ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ, ó ń rò ó sókè fún Saikou gbọ́, nítorí pé bí òun bá rò ó sínú, ẹ̀rù á ba òun. "Èèyàn mẹ́ta fún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dá fún un. Kò sí èyí tó mọ̀ pé ẹlòmíì ń fún un. Tíṣà tọ́ ọ wò nínú nǹkan mẹ́ta, ó mọ̀ pé ìkorò kan náà ni, òun ni ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọ. Ó ń sọ fún wa pé kì í ṣe pé wọ́n pa ìmọ̀ pọ̀, Saikou. Ó ń gbèjà wọn."

"Kí wá ló dé tí wọn ò sọ, ọ̀gá mi?"

"Nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rò pé òun nìkan ló pa á. Àwa náà sì ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Òfin iṣẹ́ ni pé a kì í kó àwọn afurasí sójú kan. Ràímì mọ òfin náà. Ó wo ojú ọ̀run, ó rí i pé ìrun Àsárì kò jìnnà mọ́. Ó ní kí Saikou lọ mú Àjàgbé jáde lórúkọ òun, kó má bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé àwọn obìnrin méjì náà. Nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó bàjẹ́ sí lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí èyí tó wo ẹnì kejì.

"Mi ò bi yín pé ta ló fẹ́ pa Tíṣà," ni ó wí. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún un sọ ní Wolof kí Yaay Amie lè gbọ́. "Ẹni tó fẹ́ kó gbádùn ni mò ń wá. Ta ló fi oògùn sínú oúnjẹ rẹ̀ láì jẹ́ kó mọ̀?"

Òjò ń kán láti òkè àjà. Yaay Amie tú ìdí ìró rẹ̀. Ó mú bébà kékeré kan jáde, bébà aláwọ̀ osùn tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń fa yíńkì, tí wọ́n ká pọ̀ bí ẹ̀kọ tíńtín. Ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Àjàgbé gbé ojú sókè. "Níbo lẹ ti rí ìyẹn?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó yọ irú bébà kan náà, èyí tí òógùn ti mú rin. Ó nà án síta, ó ń wo ti ìyá náà, ó ń wo tirẹ̀.

Mùtíàt ti fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó fa tirẹ̀ jáde láti àyà bùbá, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ìwọ náà, Àjàgbé?"

"Ife tí mo bá bu fún un nìkan ni mo ń dà á sí. Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó ní ẹ ò ní gbà."

"Èmi ló ní kí n má sọ fún ìwọ. Ó ní ọkọ mi á pọ̀ ọ́ tó bá gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi wá síbí, ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìn ilé wa, ó ní kí n fọ abọ́, ó ní kí n dákẹ́, pé wọ́n á so mí kọ́, Kàfáyàt á sì di ọmọ òrukàn." Ó di bébà náà mọ́ ojú. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo kànga yẹn. Èmi ni mo rò pé mo pa á. Èmi nìkan ni mo rò pé ó jẹ́."

Yaay Amie kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tó. Ó wólẹ̀ tì í, ó fa orí rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ta ni 'ó'?" ni Ràímì bi wọ́n, bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹnu mẹ́ta ló pe orúkọ náà.

Ó gba bébà Yaay Amie, ó sáré. Dókítà ti fa kinníìnì sínú abẹ́rẹ́, ó ń fi òwú nu apá Tíṣà. "Oògùn ọkàn ni," ni Ràímì wí, èémí rẹ̀ ń já. "Wọ́n lọ̀ ọ́. Ìlọ́po mẹ́ta ló ń mu láti ìgbà tí ibà ti mú un. Aya rẹ̀ ní ó ń rí ohun gbogbo ní pupa rúsúrúsú."

Dókítà wò ó. Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ sínú àwo bí ẹni gbé ẹyin. "Ó ń rí pupa rúsúrúsú? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi? Ká ní mo ti gún kinníìnì yìí lé oògùn yẹn lórí ni, ọkàn rẹ̀ ì bá ti dúró ní ọwọ́ mi." Ó ti ń pe nọ́ọ̀sì, ó ń pe oògùn kan tí Ràímì kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Wọ́n fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì náà ká.

Ràímì fọwọ́ nu ojú. Ó rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jókòó ti Dúrójayé lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyá Kàfáyàt ti sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ó ní ẹ fún òun lóògùn."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì tún ń lọ. "Oògùn ibà ni. Òun ló bẹ̀ mí. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò lè pa ọmọdé."

"Òun nìkan lẹ fún?"

"Òun nìkan. Ta ni mo tún fẹ́ fún?"

"Kò sí ẹlòmíì rárá?"

"Wallahi. Bí ó bá dà á lé e lórí, ìyẹn wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin tí jìnnìjìnnì bá, kí ni kò lè ṣe?"

Ràímì dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà. Wọ́n dúró níbẹ̀, Mùtíàt, Àjàgbé àti Yaay Amie, èjìká kan èjìká. Saikou wà lẹ́yìn wọn, bébà tó kù méjì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ojú ọkùnrin náà.

Dúrójayé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ojú rẹ̀ di eérú, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì wá nǹkan nínú àpò. Ìgò kékeré kan ló mú jáde, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè ṣí i. Ràímì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó da hóró kan lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó dé ìgò náà padà, ó sì fi í sí àpò ara rẹ̀.

"Ẹ mu ún. Ẹjọ́ ń dúró dè yín."

Ọkùnrin náà gbé e mì láì sómi. "Mi ò fi ọwọ́ mi fún un lóhunkóhun," ni ó wí nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. "Ẹ bi wọ́n. Ọwọ́ mi mọ́."

"Ìyẹn lẹ máa sọ fún adájọ́," ni Ràímì wí. Saikou ló dè é lọ́wọ́.

Inú Ọ̀gá àgbà kò dùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó bèèrè ẹni tó fún Ràímì láṣẹ láti mú afurasí jáde. Ràímì ní kò sí ẹni tó fún òun. Ọ̀gá àgbà yí bírò sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní kó lọ sinmi.

Kò sinmi. Dókítà kò ṣèlérí ohunkóhun, ó kàn ní kí wọ́n máa retí ni, wọ́n sì retí. Ọkàn Tíṣà á lù, á sinmi, á tún lù, bí arúgbó tó ń gun òkè. Òjò dá, oòrùn yọ, omi gbẹ lójú ọ̀nà Half Die kó tó di pé Saikou wá sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan pé Tíṣà ti lajú.

Nígbà tí Ràímì, tó mú bírò lọ́wọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ Tíṣà sílẹ̀, dé ẹnu ọ̀nà yàrá aláìsàn, wọ́n dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká. Tíṣà ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn sínú, ètè rẹ̀ ti bó. Wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó hàn lójú wọn. Àjàgbé kò gbé ojú sókè.

"Omi," ni Tíṣà wí.

Jọ́ọ̀gì omi wà lórí àpótí, ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó na ọwọ́. Àjàgbé wo Mùtíàt, Mùtíàt wo Yaay Amie, ìyá àgbà náà sì wo ilẹ̀.

"Mùtíàt," ni ó tún wí. "Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ó bu omi náà. Ó gbé e sókè sí ẹnu ara rẹ̀, kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú wọn. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti abẹ́ aṣọ, ó bo ẹnu ife náà, ó sì fà á kúrò létè rẹ̀ kó tó kàn án. Tíṣà Gbádégẹṣin gbé e fúnra rẹ̀, ó sì mu ún tán láì mí, omi ń ṣàn wálẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀.

Ràímì padà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi bírò rẹ̀ sí àpò, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.